Rọ́ọ̀dù wo la fi ń jó stainless mọ́ irin lásán?

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Hópà rẹ̀, ibi tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí, stainless ni, torí omi ẹ̀gẹ́ kan, kì í pẹ́ jẹ irin lásán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní tirẹ̀, angle iron 50 × 50 × 5 mm ni, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ náwó stainless sórí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ibi tí hópà ti pàdé ẹsẹ̀ yẹn ni wàhálà máa ń wà. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ oṣù méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí irun tó gba àárín ojú tí wọ́n jó kọjá. Kò ní pẹ́ tí hópà á fi máa mì. Ẹni tó jó o lè mọ ọwọ́ lò dáadáa o, kó jẹ́ pé rọ́ọ̀dù tó mú ni kò bá iṣẹ́ náà mu.

Ìdáhùn kúkúrú: 309L ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ rọ́ọ̀dù tí a ń fi sẹ́nu họ́dà, E309L-16 ló máa wà lára páálí. Bó bá jẹ́ TIG, níbi tí a ti ń fọwọ́ kejì ti rọ́ọ̀dù sínú iná tó wà lábẹ́ gáàsì, ER309L. Bó bá jẹ́ wáyà MIG, èyí tí maṣíìnì ń ti jáde fúnra rẹ̀ lábẹ́ gáàsì, ER309LSi. Ohun tí a ń pè ní irin lásán níbí ni mild steel, irin géètì, irin páìpù dúdú. Bí stainless yín bá jẹ́ 304, 201 tàbí 430 (àwọn irú stainless tó wọ́pọ̀), tí ojú ibẹ̀ kò sì ní máa gbóná gan-an lẹ́nu iṣẹ́, 309L á ṣe é. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ìdí tó fi jẹ́ 309L ló máa mọ ìgbà tí kò yẹ kó lò ó.

Ọ̀rọ̀ àbùlà

Nígbà tí iná bá mú, irin mẹ́ta ló ń yọ́ pọ̀ lójú kan náà: rọ́ọ̀dù, stainless àti irin lásán. Ohun tó dì sílẹ̀ nígbà tó bá tutù kò jọ ìkankan nínú àwọn mẹ́ta. Ẹmu tí wọ́n bomi là ni ká fi wé. Bí ẹmu náà ṣe le tó tẹ́lẹ̀ àti iye omi tí wọ́n bù sí i ló máa sọ bó ṣe máa rí lẹ́nu. (Àbùlà ẹmu là ń sọ o, kì í ṣe ti gbẹ̀gìrì àti ewédú.)

Bí a bá ń fi rọ́ọ̀dù jó irin, nǹkan bí 30 nínú 100 ohun tó dì sójú ibẹ̀ ló máa ń wá láti ara irin méjèèjì tí à ń jó pọ̀. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́, ó lè má ju 20 lọ. Bí áńpíà (agbára iná) bá pọ̀ jù, ó lè tó 40. Ká mú 30. Ká ní ìdajì rẹ̀, 15, wá láti ara stainless 304 tó ní chromium 18 àti nickel 8 nínú 100, àwọn èròjà tó ń sọ irin di stainless. Ìdajì kejì wá láti ara irin lásán tí kò ní chromium, tí kò ní nickel. Ẹ wá wo ohun tí rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan máa sọ ojú ibẹ̀ dà.

Ẹ fi 6013 jó o, rọ́ọ̀dù tí gbogbo wa fi ń jó géètì. Chromium tó máa wà lójú ibẹ̀ jẹ́ 2.7, nickel 1.2. Èyí pọ̀ tó láti mú irin le, àmọ́ kò tó sọ ọ́ di stainless. Bó ṣe ń tutù ló ń di ohun tí wọ́n ń pè ní martensite, irin tó le, tó sì ń sán bí àwo. Ẹ gbé fáìlì lé e, ẹ ó rí i pé ó le fún fáìlì láti jẹ ju irin lásán lọ. Ibi tí ìlà bí irun yẹn ti ń wá nìyẹn.

Ẹ fi 308L jó o, rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń jó stainless mọ́ stainless. Òun ní chromium bíi 20 àti nickel bíi 10. Lẹ́yìn àbùlà, chromium di 16.7, nickel di 8.2. Ó ti dé etí ibi tí martensite ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́, ó lè dúró. Bí iná bá jẹ irin lásán jù díẹ̀, ó ti ré kọjá sí òdìkejì nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní “èmi ti ń fi 308 jó o tipẹ́, kò sì ṣe nǹkan kan”, kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Etí bèbè ló kàn ń rìn.

Ẹ wá fi 309L jó o: chromium bíi 24, nickel bíi 13. Lẹ́yìn àbùlà, chromium di 19.5, nickel di 10.3. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 308 gan-an. Àwọn tó ṣe rọ́ọ̀dù náà mọ̀ pé ẹ máa bù ú là, wọ́n ti mú un le sílẹ̀ dè yín. Anton Schaeffler ló ya àwòrán tí wọ́n fi ń ka irú ìṣirò yìí ní 1949, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣì ń lò ó títí dòní.

Ohun mìíràn tún wà nínú 309L. Ferrite, irú irin kan tí òòfà ń fà, máa ń ṣẹ́kù díẹ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe ń dì, òun ló sì ń gba ìdọ̀tí bíi sulphur àti phosphorus mọ́ra, kí wọ́n má bàa kóra jọ sí àárín kí ojú ibẹ̀ sì sán nígbà tó ṣì gbóná. Ìdí nìyẹn tí 310 kò fi dára fún iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n ju 309L lọ. Nickel rẹ̀ tó 21, ferrite kò sí nínú rẹ̀. Owó gọbọi kọ́ ni a fi ń yan rọ́ọ̀dù.

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí

Lọ́jà, géèjì 12 ni rọ́ọ̀dù 2.5 mm, géèjì 10 ni 3.2 mm. Bí ẹ bá kàn ní “ẹ fún mi ní rọ́ọ̀dù stainless”, 308 ni wọ́n sábà máa ń gbé wá. Ẹ dárúkọ 309L, kí ẹ sì wo ara rọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀: ilé iṣẹ́ máa ń tẹ nọ́ńbà sí ara ẹ̀fun tó bò ó, lẹ́bàá ibi tí họ́dà ti ń dì í mú. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà lára, tí wọ́n kàn dì mọ́ ara wọn pẹ̀lú rọ́bà, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

L dúró fún carbon tó kéré, 0.04 nínú 100 ó pọ̀ jù. Irin lásán ti ń mú carbon tirẹ̀ bọ̀ wá tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí rọ́ọ̀dù tún gbé sí i.

Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn jẹ mọ́ maṣíìnì yín. -16 ń ṣiṣẹ́ lórí AC (iná tó ń yí ọ̀nà padà) àti DC (iná tó ń rìn lọ́nà kan), ìyẹn ni pé àwọn maṣíìnì olókùn bàbà tí wọ́n ń wé níbí náà lè jó o. -17 rí bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ máa ń tẹ́ dáadáa, àmọ́ omi irin rẹ̀ rọ̀ jù fún iṣẹ́ tí a ń jó lọ sókè. -15 kò gbọ́ AC rárá. Bó bá jẹ́ inverter, maṣíìnì kékeré onína DC, lẹ ní, ẹ fi họ́dà sí ojú plus.

Si tó wà nínú ER309LSi ni silicon, tó ń jẹ́ kí omi irin tàn kálẹ̀ nínú MIG.

Ẹ kọ́kọ́ mọ stainless tó wà lọ́wọ́ yín

Òòfà ẹ̀yìn sípíkà tó ti bàjẹ́ wúlò níbí. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn gbagbaga bí ó ṣe ń lẹ̀ mọ́ irin lásán, ìdílé 430 ló wà. 309L ṣì dára fún un. Bí kò bá lẹ̀ rárá, tàbí tó kàn fà díẹ̀ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, 304 tàbí 201 ni. Òòfà kò lè sọ ìyàtọ̀ láàrin 304 àti 201, bẹ́ẹ̀ 201 ló pọ̀ nínú páìpù rélù olówó pọ́ọ́kú. Kò yí rọ́ọ̀dù padà, àmọ́ ẹ má fi 201 ṣe hópà tí omi ẹ̀gẹ́ máa kàn.

Bó bá jẹ́ 316, tí iyọ̀ tàbí kẹ́míkà máa kan ojú tí ẹ jó, ẹ wá 309LMo, torí molybdenum tó wà nínú 316 kò sí nínú 309L lásán. Bí iyọ̀ kò bá ní kàn án, 309L tó.

Ẹ ṣọ́ra fún ṣáfútì àti bóòtù tí wọ́n fi 303 gbẹ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sulphur sí i kó lè rọrùn lórí léètì ni, sulphur yẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kó sán bí iná bá kàn án. Ẹ fi bóòtù dè é dípò kí ẹ jó o.

Bí a ṣe ń jó o

Ẹ padà sí hópà wa. Stainless rẹ̀ jẹ́ 1.5 mm, angle iron jẹ́ 5 mm. Ẹ má jó méjèèjì mọ́ra lójú kan. Ẹ gé pátákó stainless kékeré mẹ́rin, 60 × 60 × 3 mm, ẹ fi 308L jó wọn mọ́ ẹ̀yìn hópà níta. Stainless mọ́ stainless nìyẹn, 308L ló ni ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi 309L jó pátákó mọ́ angle iron. Bẹ́ẹ̀, irin lásán kò ní sún mọ́ ibi tí oúnjẹ wà. Bí ẹsẹ̀ bá sì bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, pátákó lẹ máa gé, hópà kò ní lu.

Rọ́ọ̀dù mélòó? Ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìlà méjì tó jẹ́ 50 mm lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 400 mm ni gbogbo rẹ̀. Bí ìlà yín bá jẹ́ 3 mm lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, géèjì 12 kan ń jó nǹkan bí 20 cm. Rọ́ọ̀dù méjì ló yẹ kó tó, ẹ ra márùn-ún torí ìdánwò àti rọ́ọ̀dù tó lè bàjẹ́. Ẹ lè rí i pé kò tó ohun tí ènìyàn ń torí owó rẹ̀ lo 6013.

Ẹ fi fáìlíǹgì (maṣíìnì tí a fi ń lọ irin) họ ojú angle iron títí tí yóò fi funfun, kó tó 25 mm yí ibi tí ẹ fẹ́ jó ká. Awọ dúdú tó máa ń wà lára irin tuntun gbọ́dọ̀ kúrò pẹ̀lú ìpẹtà, ọ̀dà àti òróró. Ẹ fi acetone nu stainless. Dísìkì tí ẹ fi gé irin lásán kò gbọ́dọ̀ kan stainless, bẹ́ẹ̀ náà ni búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ jẹ́ stainless, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀. Ẹ̀rún irin lásán tó bá há sára stainless ló ń dípẹtà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tí oníbàárà á fi wá bá yín pé ayédèrú stainless lẹ fún òun.

309L ni kí ẹ fi ta kán-ún-kán-ún tí ẹ fi kọ́kọ́ ń mú un dúró. Àṣìṣe yìí pọ̀ gan-an: wọ́n á fi 6013 mú un dúró láti fi ṣọ́ rọ́ọ̀dù olówó gọbọi, wọ́n á wá fi 309L bò ó mọ́lẹ̀. Ojú òkè á dán, àmọ́ ibi líle tó máa sán ti wà nísàlẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ jẹ́ kí kán-ún-kán-ún súnmọ́ra, bíi 30 sí 40 mm síra wọn, torí bí ooru bá fi 100°C gòkè, stainless tó gùn ní mítà kan máa fi nǹkan bí 1.7 mm gùn sí i, irin lásán máa fi 1.2 mm. Stainless kì í sì í tètè tan ooru ká, ooru á dúró sójú kan, pátákó á wá ká.

Áńpíà: géèjì 12, láti 55 dé 75, géèjì 10, láti 80 dé 110. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kò tó èyí tí ẹ máa fi jó 6013 tó jẹ́ géèjì kan náà, torí stainless inú rọ́ọ̀dù máa ń tètè gbóná. Bí ìdajì rọ́ọ̀dù bá pọ́n bí ẹyin iná lọ́wọ́ yín, tí ẹ̀fun rẹ̀ ń já bọ́, áńpíà ti pọ̀ jù. Ẹ ju èyí tó kù nù, ẹ má gbìyànjú láti fi parí ìlà.

Ẹ jẹ́ kí iná kúrú, kí àlàfo tó wà láàrin rọ́ọ̀dù àti irin má ju bí rọ́ọ̀dù náà ṣe nípọn lọ. Ẹ gbé ẹnu rọ́ọ̀dù sórí omi irin fúnra rẹ̀, kó kàn fì díẹ̀ sápá angle iron torí òun ló nípọn. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ́ kòtò sínú irin lásán. Bí 40 nínú 100 bá wá láti ara irin lásán nìkan, chromium inú 309L á wálẹ̀ sí 14.4, a sì ti padà sí martensite tí à ń sá fún. Ìlà tààrà ni kí ẹ fà, ẹ má máa fọwọ́ sọ ọ́ sọ́tùn-ún sósì bíi géètì. Níbi tí ìlà parí sí, ẹ dúró díẹ̀ kí kòtò kún kí ẹ tó gbé rọ́ọ̀dù, torí kòtò òfìfo níparí ìlà ló kọ́kọ́ ń sán.

Bí ẹ bá fẹ́ jó ìlà kejì lé e, ẹ jẹ́ kó tutù wálẹ̀ kúrò ní 150°C. Ẹ ta omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí omi náà bá ṣì ń hó, ẹ dúró. Ìdàrọ́ stainless, èèpo tó bo ojú tí ẹ jó, máa ń fò fúnra rẹ̀ bó ṣe ń tutù, ó sì ń gbóná. Ẹ má tíì bọ́ ohun tí ẹ fi bojú.

Fún irin tó nípọn ju 10 mm lọ, ẹ kọ́kọ́ fi 309L kun ojú irin lásán nìkan, ìpele kan tàbí méjì, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ tẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, 308L lè jó 304 mọ́ ọn, torí rọ́ọ̀dù kò tún kan irin lásán mọ́.

Bó bá jẹ́ MIG

Gáàsì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbí. CO2 lásán tí wọ́n fi ń jó ara mọ́tò kò bá ER309LSi ṣe. Carbon inú rẹ̀ máa wọ ojú ibẹ̀, L tí ẹ san owó fún á ti di asán, ojú ìlà á sì dúdú. Argon 98 pẹ̀lú CO2 2 nínú 100 ni kí ẹ wá. Bí CO2 nìkan lẹ bá ní, ẹ ra wáyà oníhò, èyí tí ẹ̀fun wà nínú ihò rẹ̀, tí wọ́n kọ E309LT1-1 sí lára. Wọ́n dìídì ṣe é fún CO2 ni. TIG ní tirẹ̀, argon lásán, lítà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú kan, rọ́ọ̀dù 1.6 mm fún irin 2 mm.

Ibi tí 309L kò ti tó

Páìpù èéfín jẹnẹrétọ̀ ńlá wà lára wọn. Ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì máa ń fi 315°C ṣe òpin fún 309L láàrin stainless àti irin lásán. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tó tún ń gbóná tó ń tutù lójoojúmọ́, stainless ń gùn ju irin lásán lọ nígbà gbogbo, carbon náà sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti inú irin lásán bọ́ sínú ojú tí a jó. Wáyà nickel bíi ERNiCr-3 ló yẹ ibẹ̀, rọ́ọ̀dù rẹ̀ ni ENiCrFe-3, owó wọn kò sì ṣeé fẹnu sọ. Ohun tí a máa ṣe ni ká jó flange (àwo irin tó ní ihò bóòtù) stainless sẹ́nu páìpù stainless, ká jó flange irin lásán sẹ́nu ti irin lásán, ká fi gásíkẹ́ẹ̀tì àti bóòtù mú wọn pọ̀. Kò sí àbùlà kankan níbẹ̀.

Irin tí ẹ kò mọ ìdílé rẹ̀, bí ṣáfútì àtijọ́ tàbí irin sípíríǹgì, 312 ló dára fún un. Chromium rẹ̀ tó 30, ó gba àbùlà púpọ̀ mọ́ra kó tó bàjẹ́. Àmọ́ òun náà kò fẹ́ ooru ńlá.

Páìpù galvanized, èyí tí wọ́n fi zinc bò, kò ní rọ́ọ̀dù kankan tó lè gbà á là. Zinc máa ń yọ́ ní 419°C, nígbà tí stainless ṣì le gan-an. Á wá wọ àárín horo stainless, á sì pín in níyà. Ẹ lọ zinc kúrò títí dé ojú irin, ó kéré tán 25 mm. Èéfín rẹ̀ ń fa ibà, mílíìkì tí àwọn kan ń mu sí i kò sì dá a dúró. Èéfín stainless náà burú ní tirẹ̀, torí irú chromium kan tó lè fa jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ jó o níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ẹ sì má gbórí sókè èéfín.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà

Ẹ gé àjákù stainless àti àjákù irin lásán, ẹ jó wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ fi sẹ́nu fáìsì, ẹ fi òòlù tẹ̀ ẹ́ kí ojú tí ẹ jó là síta. Èyí tó dára máa tẹ̀ kí ó tó ya. Èyí tó bá fọ́ pàú, tí inú rẹ̀ ń dán wínníwínní, àbùlà rẹ̀ ti pọ̀ jù: ẹ dín áńpíà kù, tàbí kí ẹ tún nọ́ńbà ara rọ́ọ̀dù kà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì stainless fọ̀ ọ́, kí ẹ kun ọ̀dà sára irin lásán, kí ọ̀dà náà bo ojú tí ẹ jó, kó sì tún wọ orí pátákó stainless ní nǹkan bí 50 mm. Ibi tí omi ti ń kan méjèèjì pọ̀, irin lásán ni ìpẹtà ń jẹ dípò stainless, á sì tètè dípẹtà ní ẹnu ààlà yẹn gan-an. Rọ́ọ̀dù tó ṣẹ́kù, ẹ fi sínú ike tí ìdérí rẹ̀ dì pinpin. Bó bá ti gba ìrì, ẹ wo ara páálí kí ẹ tó yan án. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń sọ pé kó wà nínú ààrò fún wákàtí kan sí méjì ní 250 sí 350°C. Ká kàn sá a sóòrùn lórí páànù kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.